Àbẹ̀kẹ́ Mi, Ọwọ́ Ni A Fi Ń Mọ Ìṣirò

Abẹ́òkúta,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Mojísọ́lá ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé o ti jẹun lónìí? Bí o kò bá tíì jẹun, jọ̀wọ́ gbé lẹ́tà yìí sílẹ̀ ná, kó o wá nǹkan fi sẹ́nu. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀ tí kò lè dúró de oúnjẹ.

Ohùn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. O ní, "Àǹtí, ó jọ pé mi ò ní orí ìṣirò. Mo fẹ́ fi Físíìsì sílẹ̀." Lẹ́yìn náà lo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló já mi láyà ju ọ̀rọ̀ náà lọ, nítorí mo mọ irú rẹ̀. Èmi náà ti dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí jẹ́.

Mo gbé fóònù láti pè ọ́ padà, mo tún gbé e sílẹ̀. Ohun tó wà nínú mi pọ̀, mo sì fẹ́ kó o rí i kà ní ọjọ́ mìíràn tí ọkàn rẹ bá tún rẹ̀wẹ̀sì. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù lọ ni kí n kọ́kọ́ sọ: kò sí ohun tó ṣe orí rẹ. Mo gbé ọ pọ̀n, mo kọ́ ọ ní ABD, mo mọ orí tó wà lọ́rùn rẹ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ ló le. Ó sì le fún gbogbo ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé rẹ̀.

Ní 200 level, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ lé ọmọ lórí lẹ́ẹ̀kan náà: fẹ́kítọ̀, mátíríìsì, complex number, differential equation, Fourier series. Kó o tó mí, wọ́n ti dárúkọ Legendre àti Bessel. Lẹ́kíṣọ̀rà á kọ ọ́ kún pátákó, á nù ún, á tún kọ ọ́ kún. Á wá dà bí ẹni pé ó ti yé gbogbo kíláàsì, ó ku ìwọ nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń dákẹ́ bí o ṣe ń dákẹ́.

Jẹ́ kí n sọ ìtàn kan tí n kò sọ fún ọ rí.

O mọ̀ pé nígbà tí bàbá wa kú, ẹ̀kọ ni Màmá àgbà ń tà. Owó ẹ̀kọ kò tó rán ọmọ méjì lọ kọ́ ẹ̀kọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá tó bí ọ, ló fi ilé-ìwé sílẹ̀, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ kí èmi lè máa lọ. Owó tí mo fi wọ yunifásítì, ojú abẹ́rẹ́ wọn ló ti jáde.

Ní ọdún kejì mi, mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì yìí gan-an, Mathematical Methods. 31 ni mo gbà nínú 100. Mo dúró níwájú ìwé èsì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ojú mi ṣú. Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni ìka ìyá rẹ, ìka tí abẹ́rẹ́ ti gún títí tí awọ rẹ̀ fi yi.

Nítorí náà, mo purọ́. Mo ní èsì kò tíì jáde. Nígbà tí wọ́n tún béèrè, mo ní ó dáa. Oṣù méje ni mo fi gbé irọ́ yẹn kiri. Mo rù. Mo ń sá fún kíláàsì, mo ń sá fún àwọn ọ̀rẹ́ mi. Àbẹ̀kẹ́, ohun tó ń bà mí lẹ́rù nípa rẹ nìyẹn. Máàkì yòówù kó o gbà, kò lè bà mí lẹ́rù tó kó o máa fara pamọ́ fún wa.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, ìyá rẹ yọ sí mi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láìsọ tẹ́lẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín dání. Wọ́n wò mí lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Mo bú sẹ́kún, mo sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní kí n fi bí mo ṣe ń kàwé hàn wọ́n. Mo gbé ìwé kan jáde tí mo yá lọ́wọ́ àwọn tó ṣíwájú wa. Ìbéèrè àti ìdáhùn ló kún inú rẹ̀, mo ní òun ni mo máa ń kà lóru. Wọ́n ń ṣí i wò, ojú ìwé kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi kò mọ ohun tó ń jẹ́ equation, ṣùgbọ́n lẹ́kíṣọ̀rà kankan kò bi mí ní irú ohun tí wọ́n bi mí lọ́jọ́ náà: "Èyí tí ìwọ fúnra rẹ ṣe dà?"

Kò sí.

Wọ́n wá ní, "Oṣù mẹ́ta ni mo fi jókòó ti ọ̀gá mi, tí mo ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rán bùbá. Mo rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún mi, orí bébà ni wọ́n ní kí n kọ́kọ́ rán, n kò sì lè rán ìlà kan ṣoṣo kó gún. Bùbá tí mo kọ́kọ́ rán, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n tú u. Ṣé mo torí ẹ̀ pa ẹ̀rọ tì?"

Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ fún ọ wà nínú ọ̀rọ̀ ìyá rẹ yẹn. Ìṣirò tí à ń lò nínú Físíìsì, iṣẹ́ ọwọ́ ni. Ojú lè wò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo mú ìbéèrè kan tí mo ti kà tó ìgbà mẹ́wàá. Mo pa ìwé dé, mo mú bébà tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ìlà kẹta ni mo há sí. Mo ṣí ìwé, mo wo ìlà kẹta nìkan, mo tún pa á dé, mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìíní. Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi ṣe é kí n tó dé ìsàlẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo. Títí di òní, n kò gbàgbé rẹ̀.

Fa bébà súnmọ́ra ná, ọmọ mi, ká jọ ṣe díẹ̀.

Rántí ẹ̀kọ gbígbóná tí Màmá àgbà máa ń bù fún ọ láàárọ̀, tí o máa jókòó tì títí á fi tutù. Ká ní ó gbóná tó 90 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí inú ilé sì jẹ́ 30. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 60. Ká tún ní nígbà tí ìṣẹ́jú 10 fi máa pé, ẹ̀kọ ti wálẹ̀ sí 60. Mélòó ló máa jẹ́ tí ìṣẹ́jú 20 bá pé?

Ẹni tó bá kánjú á ní 30, nítorí 30 ló kọ́kọ́ fi wálẹ̀. Ẹ̀kọ kì í tutù bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ṣe gbóná ju inú ilé lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni ooru ṣe ń yára sá kúrò nínú rẹ̀ tó. Ìyàtọ̀ wọn ti di 30 báyìí, nítorí náà kò ní lè sáré bíi ti àkọ́kọ́ mọ́. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń pín sí méjì ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá: 60, 30, 15, 7.5. Ní ìṣẹ́jú 20, ẹ̀kọ wà ní 45. Ní ìṣẹ́jú 30, ó wà ní 37.5.

Àbẹ̀kẹ́, differential equation nìyẹn. Gbólóhùn kan péré ni: bí nǹkan ṣe ń yí padà nísinsìnyí, orí bó ṣe rí nísinsìnyí ló dúró lé. Mú ẹ̀kọ kúrò, fi capacitor tó ń tú iná inú rẹ̀ sílẹ̀ rọ́pò rẹ̀, tàbí uranium tó ń dín kù díẹ̀díẹ̀, equation náà kò yí padà. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ ti ẹ̀kọ ti mọ ti gbogbo wọn. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní methods nìyẹn. Ọ̀nà ni, ọ̀nà kan sì lè já sí ìlú mẹ́ta.

Jẹ́ ká tún wo òmíràn. O ní Taylor series dẹ́rù bà ọ́. Ó dáa, wá square root 26 láìfọwọ́ kan fóònù.

Èwo lo mọ̀ nítòsí rẹ̀? 25 ni, square root tirẹ̀ jẹ́ 5. Dúró níbẹ̀. Ó ku 1 kó o dé 26. Pín 1 yẹn sí ọ̀nà 10, nítorí 10 ni 5 lọ́nà méjì. Ìyẹn jẹ́ 0.1, o ti dé 5.1. Fi 5.1 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 26.01 lo máa rí. Ó fi díẹ̀ lé. Ìgbésẹ̀ tó kàn nínú series náà máa yọ 0.001 kúrò, ó di 5.099. Fi ìyẹn náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: 25.9998. Ìwọ náà wo bó ṣe súnmọ́ ọn tó.

Wá gbọ́ bí Yorùbá ṣe ń ka 45. Àrúndínláàádọ́ta: àádọ́ta ó dín márùn-ún. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọgọ́ta ó dín mẹ́wàá. Ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. Ẹni tó bá ka 45 lédè wa ti dúró lórí 60, ó yọ 10, ó tún yọ 5. Màmá àgbà tí kò rí ilé-ìwé ń ka owó ẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí Brook Taylor tẹ̀ jáde ní 1715 jinlẹ̀ ju kíka owó lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwà wọn jọra: lọ dúró síbi tí o mọ̀, ṣe àtúnṣe, kó o tún àtúnṣe náà ṣe. Ìwà yìí ti wà lẹ́nu rẹ láti ìgbà tí o ti ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé àjèjì ni ọ́ nínú ìṣirò.

Mo tún fẹ́ kó o mọ irú àwọn èèyàn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé rẹ, kí ẹ̀rù wọn lè dín kù lára rẹ.

Fourier tí orúkọ rẹ̀ ń dá ọ lóorun dúró, ọmọ télọ̀ ni, bíi tìrẹ. Auxerre ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí ní 1768. Ọmọdé ṣì ni nígbà tí ìyá àti bàbá rẹ̀ kú. Ọ̀rọ̀ ooru náà ni òun ń wá ìdí rẹ̀, bó ṣe ń rìn láti apá kan nǹkan dé apá kejì. Ní 1807, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ síwájú àwọn àgbà onímọ̀ ní Paris. Ó ní bó ti wù kí ìlà kan wọ́ tó, èèyàn lè fi àwọn ìgbì sine àti cosine tò ó, ńlá àti kékeré, títí á fi rí bẹ́ẹ̀. Lagrange, tí í ṣe àgbà láàárín wọn, kò gbà. Nígbà tó yá, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn, síbẹ̀ wọ́n ní ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì gún régé tó. 1822 ni ìwé rẹ̀ tó jáde. Ọdún 15 gbáko ló fi ń tú u, tó sì ń tún un rán.

George Green náà ńkọ́, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe Green's theorem àti Green's function? Ọmọ oníbúrẹ́dì ni ní Nottingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí ọdún kan péré ló lò nílé-ìwé ní kékeré, kí wọ́n tó mú un wọ béékírì bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ń ṣiṣẹ́ nídìí ọlọ ńlá tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí wọ́n fi ń lọ àlìkámà. Ọ̀hún ló ti ń dá kọ́ ìṣirò. Ní 1828, ó fi owó àwọn tó bá a san àsansílẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí iná mànàmáná àti agbára òòfà. Nǹkan bí àádọ́ta èèyàn ló gbà á, díẹ̀ nínú wọn ló sì yé. Ó ti pé ọmọ 40 ọdún kó tó wọ Cambridge. Ó kú ní 1841, kò rí ọjọ́ tí ayé mọ iyì iṣẹ́ rẹ̀. Ọlọ náà ṣì dúró títí di òní.

Ọ̀rọ̀ potential tí Green fi sínú ìwé yẹn, kò dúró sí Nottingham. Professor Deborah Ajakaiye gboyè Físíìsì ní Ìbàdàn ní 1962, wọ́n sì di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n Físíìsì nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn lọ ń wọn bí ilẹ̀ ṣe ń fa nǹkan sí, láti ibì kan dé ibòmíràn ní Nàìjíríà, wọ́n fi ya máàpù. Òkúta tó wúwo lábẹ́ ilẹ̀ máa ń fa nǹkan ju èyí tó fúyẹ́ lọ ní ìwọ̀n kékeré kan. Ìṣirò potential ni wọ́n fi ń ka ìyàtọ̀ kékeré yẹn, tí wọ́n á fi mọ ohun tí ojú kò rí nísàlẹ̀. Obìnrin ni wọ́n, ọmọ mi. Àwọn náà jókòó ti bébà bí o ṣe jókòó tì í.

Tí o bá sì dé orí Bessel, má sá. Rántí oníyàálù tó lu ìlù níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Ta okùn kan tí a so lórí méjèèjì: tí a bá pe ohùn tó wálẹ̀ jù nínú rẹ̀ ní 1, àwọn tó tẹ̀ lé e máa jẹ́ 2, 3, 4. Sine tó fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n lu awọ róbótó tí a fà le, ohùn tó tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ máa jẹ́ nǹkan bí 1.59, èyí tó tẹ̀ lé e 2.14. Sine kò lè bí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Bessel function ló ń bí wọn, nítorí pé awọ náà rí róbótó. Ohun tí àyàn ń fi ọ̀pá lù ni ìwọ ń kọ sórí bébà.

Ó dáa. Ìmọ̀ràn ló kù, èmi ìyá olùkọ́ kò lè ṣe kí n má gbà ọ́ nímọ̀ràn. Fara balẹ̀ gbọ́ mi. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Mú ìwé kan, má kó márùn-ún jọ. Ìwé Mary Boas tí wọ́n ń lò ní kíláàsì yín dáa. Olùkọ́ Físíìsì ni obìnrin náà ní yunifásítì DePaul, ní Chicago, 1966 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, àwọn ọmọ ọdún kejì irú rẹ ló sì ní lọ́kàn. Tí ibì kan bá le jù níbẹ̀, padà sí ìwé Stroud tó wà nínú àpótí mi, mo máa fi ránṣẹ́. Ìgbésẹ̀ kéékèèké ló ń gbé, ó sì ń béèrè lọ́wọ́ rẹ kó tó kọjá. Kò sí ìtìjú nínú kí èèyàn padà sẹ́yìn lọ mú ohun tó já bọ́.

Ìbéèrè méjì lóòjọ́ tó. Méjì tí ìwọ fúnra rẹ ṣe dé ìsàlẹ̀ sàn ju ogún tí o kà lọ. Ọjọ́ tí ó bá le, kó jẹ́ ẹyọ kan. Ṣáà má jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá kí ọwọ́ rẹ má kan bébà.

Ya àwòrán rẹ̀ kó o tó kọ equation kankan. Tí o bá ti rí ìdáhùn, wọ̀n ọ́n kó o tó gé e, bí ìyá rẹ ṣe máa ń fi téèpù wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì. Tí apá òsì bá jẹ́ mítà, tí apá ọ̀tún sì jẹ́ kìlógíráàmù, àṣìṣe ti wọ ibì kan. Fi òdo sí ipò àkókò, ṣé ibi tí o ti bẹ̀rẹ̀ ló gbé ọ padà sí? Jẹ́ kí àkókò gùn títí, ṣé ẹ̀kọ yẹn tutù dé 30, àbí ó wálẹ̀ di yìnyín? Equation tó bá ní ẹ̀kọ di yìnyín ní Abẹ́òkúta, tú u, kó o tún un rán.

Nípa fóònù, mo bẹ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó ti wà báyìí pé kéèyàn ya fọ́tò ìbéèrè, kí fóònù sì ṣe é tán kó tó ṣẹ́jú. Mi ò ní kó o má lò ó. Ṣùgbọ́n tí o bá kọ́kọ́ sá tọ̀ ọ́ lọ, o ti padà sídìí ìwé tí mo yá nìyẹn, o ń wo ọ̀gá bó ṣe ń rán bùbá. Kọ́kọ́ há ná. Jókòó síbi tí o há sí fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, béèrè ìlà kan ṣoṣo yẹn, kó o pa á dé, kó o tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè.

Wá ọ̀rẹ́ méjì tí ẹ ó jọ máa ṣe é. Kí ẹnì kan dúró nídìí pátákó, kó máa ṣàlàyé fún àwọn yòókù. Ìgbà tí o bá ń ṣàlàyé lo máa mọ ibi tí kò tíì yé ọ. Tọ lẹ́kíṣọ̀rà yín lọ náà ní ọ́fíìsì, kó o kúnlẹ̀ kí i, kó o gbé bébà rẹ lọ́wọ́. Má sọ pé, "Kò yé mi, sà." Sọ pé, "Ibí ni mo dé, sà, ìlà yìí ni mo há sí." Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dání kì í sábà rí ìlékúrò.

Má dá nìkan bọ̀ láti yàrá ìkàwé lóru. Jọ̀wọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ máa rìn pọ̀. Tí iná bá lọ, má tan àbẹ́là sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ti fi owó kékeré ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ, fi ra iná tó ń gba oòrùn. Sì máa sùn. Ohun tí ọwọ́ bá kọ́ lọ́sàn-án, ojú oorun ló ti máa ń jókòó.

Tí o bá ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é fún odindi sáà kan, tí ọkàn rẹ ṣì ń fà sí ẹ̀kọ́ mìíràn, wá sọ fún mi. N kò ní bínú. A jọ máa wo ibi tí o fẹ́ gbà, èmi ni n ó sì bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni kó o kúrò nítorí o rò pé orí rẹ kò pé. Orí rẹ pé. Mo tún un sọ, orí rẹ pé.

Tí èsì bá sì jáde tí kò dáa, èmi ni kó o kọ́kọ́ pè. Ìbáà jẹ́ òru. Ìbáà jẹ́ 31 bíi tèmi. Ìyá rẹ kò lé mi lọ́jọ́ yẹn, mọ́ínmọ́ín ni wọ́n gbé kalẹ̀ níwájú mi. Ilé tí mo ti jẹ mọ́ínmọ́ín yẹn ni ilé rẹ.

Nígbà tí mo tún kọ́ọ̀sì náà ṣe, 58 ni mo gbà. Kì í ṣe máàkì tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ láàárín ìlú, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ọwọ́ mi ló ṣe é. Mo gbé e lọ bá ìyá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kò bi mí pé ta ló gba jù. Wọ́n gbé aṣọ tí wọ́n ń rán sílẹ̀, wọ́n gbá mi mọ́ra, a jọ sunkún.

Nítorí náà, mo fẹ́ kó o ṣe ohun kan fún mi. Lọ́la, kó o tó lọ sí kíláàsì, mú ìbéèrè kan, pa ìwé dé, bẹ̀rẹ̀. Tí o bá há ní ìlà kẹta, má nù ún. Ya fọ́tò ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó o fi ránṣẹ́ sí mi. Fóònù mi máa wà lọ́wọ́ mi láti aago mẹ́fà àárọ̀.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ fún wa. Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Àǹtí Bísí.